Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Fi Ọ̀rá Kun Ìkarahun Ọta?

Tí ẹ bá ń wo fídíò kiri lórí YouTube, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i: bàbá kan ní Amẹ́ríkà jókòó sínú gáréèjì rẹ̀, ó to ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn kalẹ̀, ó ń fi ìka kun wọ́n lọ́ràá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń fi òróró kun ọmọ tuntun. Kí ló ń ṣe? Òun la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: ní Nàìjíríà, òfin ò gba aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé. Ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọdẹ àtàwọn tó ń yìnbọn ṣeré ti ń ṣe é. Ìkarahun idẹ yẹn ló sábà máa ń wọ́n jù lára ọta, ó sì ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìkarahun á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn pinpin. Wíwú yẹn ló ń dínà mọ́ gáàsì gbígbóná kó má baà padà sójú ẹni tó yìn ín. Lẹ́yìn náà, idẹ á súnkì díẹ̀, àmọ́ kò ní kéré tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó lè tún un lò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin oníhò kan tí wọ́n ń pè ní dáì, kó fún un padà sí ìwọ̀n.

Ibẹ̀ lọ̀rá ti wúlò. Tí idẹ bá wọlé ní gbígbẹ, ó lè há. Tí wọ́n bá fi agbára fà á, etí ìdí rẹ̀ á ya, ìyókù á wà nínú dáì. Ó di kí wọ́n fi dírììlì lu ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù fà á jáde. Ìkarahun ìbọn ìléwọ́ tó gún gbọọrọ sábà máa ń bọ́ nínú wàhálà yìí tí dáì bá jẹ́ ti carbide, torí ojú rẹ̀ le, ó sì dán.

Ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn ni lanolin, tó ń wá láti ara irun àgùntàn. Òun náà ló wà nínú ìpara tí àwọn abiyamọ fi ń kun orí ọmú tó bó. Àwọn kan á pò ó mọ́ álíkọ́ọ̀lù, wọ́n á fín in, wọ́n á sì dúró kí álíkọ́ọ̀lù gbẹ tán. Ẹni tó bá kánjú, tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ìkarahun rẹ̀ lè há.

Ṣé kí wọ́n wá da ọ̀rá bò ó ni? Rárá o. Ọ̀rá tó bá pọ̀ jù á kó jọ sí èjìká ìkarahun, á sì tẹ idẹ wọnú níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí wọ́n nu gbogbo ọ̀rá náà kúrò. Ẹ rántí pé ìkarahun gbọ́dọ̀ di ògiri ihò ìbọn mú. Tó bá ń yọ̀, ipá ńlá á bọ́ sórí irin tó sé ẹ̀yìn ìbọn, ojú ayìnbọn ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀rá tó bá kán sínú ẹ̀tù tàbí sára ohun ìṣáná tó wà ní ìdí ọta lè mú kó kọ̀, kó má dún.

Irú iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ ká tú wò? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.