Ohùn Àlejò Nínú Eré Ọdẹ́wálé: Ṣíṣe Eré Àjálù Àtijọ́ Lákọ̀tun ní Agbègbè Ọ̀wọ̀

Eré àjálù ni eré oníṣe tí ènìyàn ńlá kan ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìparun tí ó ń sá fún, tí àwọn òǹwòran sì ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó rí i. Èyí tí Sophocles kọ ní ilẹ̀ Gíríìkì nípa ọba Oedipus, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, ni Ọlá Rótìmí tún dá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, tí ó sì di ìwé The Gods Are Not to Blame ní 1971. Oedipus di Ọdẹ́wálé, ìlú Thebes di Kútùjẹ́, aríran afọ́jú sì di Baba Fákúnlé.

Orúkọ nìkan kọ́ ni Rótìmí yí padà. Ọ̀nà ni Oedipus àti bàbá rẹ̀ jọ du kí ó tó pa á. Ní ti Ọdẹ́wálé, ẹ̀yà rẹ̀ àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Adétùsá, ọba Kútùjẹ́ tí í ṣe bàbá rẹ̀, fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ìbínú Ọdẹ́wálé fi ru, tí ó sì pa á. Ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí, Rótìmí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ̀, sì ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ni òrìṣà tí àkọlé rẹ̀ ń tọ́ka sí: kí ènìyàn má ṣe di ẹ̀bi ìkórìíra tí ó wà nínú ilé ru ará òde.

Ibi yẹ̀yẹ́ tí Adétùsá fi ohùn Ọdẹ́wálé ṣe yìí ni olùdarí eré, ìyẹn ẹni tí ń tọ́ àwọn òṣèré sọ́nà, ti ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe ní Emùré-Ilé àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ nínú ìwé náà, etí kò lè gbọ́ ohun tí Adétùsá ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Kútùjẹ́ bá ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀, tí Ọdẹ́wálé nìkan ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé, gbogbo òǹwòran yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ló jókòó sórí ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ bíbí ìlú náà ni, tí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn ní kí wọ́n lọ pa nínú igbó, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ dàgbà sí ilẹ̀ òmíràn. Àwọn tí ó mú kí ohùn wọn sọnù lẹ́nu rẹ̀ ni ó tún wá ń pè é ní àjòjì. Kò sí ìlù tàbí aṣọ ìtàgé tí ó lè sọ ìyẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọdẹ́wálé bá kọ́kọ́ lanu, nítorí ó ti mọ́ àwa Yorùbá lára láti fi ohùn ẹlòmíràn ṣe ẹ̀rín. Kí olùdarí má ṣe dá ẹ̀rín yẹn dúró, kí ó jẹ́ kí ó pọ̀, títí di ìgbà tí Ọdẹ́wálé bá ń ròyìn ìpànìyàn náà fún Alákà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí àwọn òṣèré sì ń ṣe é bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí Adétùsá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá rín irú ẹ̀rín kan náà gan-an.