Ọgbẹ́ Tí Sójà Gbé Bọ̀ Wálé

Ní 15 oṣù kìíní ọdọọdún ni Nàìjíríà ń rántí àwọn ológun rẹ̀. Òkú ogun ni a sì máa ń dárúkọ jù. Ẹni tó bọ̀ tòun ti ọgbẹ́ ńkọ́?

Ní 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáàn ba Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, lẹ́sẹ̀ ní ogun Bọ́mà. 2012 ni ó tó kú: ọdún 68 pẹ̀lú ọgbẹ́ ogun!

Owó aláàbọ̀ ara kì í ṣe sàráà. Ìgbìmọ̀ oníṣègùn ní í díwọ̀n ohun tí ọgbẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìwé ni wọ́n sì ń béèrè, èyí tí ikán lè ti jẹ nínú àpótí bàbá.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ bá wọn ka ìwé náà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́.