Bí Ìgbín Bá Fà: Ìrìn-Àjò Ọdún sí Ilé Ẹbí

Olóòtú ètò yìí ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú lélẹ̀ kí àwa tí a jókòó yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wérọ̀. Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ìrìn-àjò ọdún, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rìn nígbà Kérésìmesì, Ọdún Tuntun, Iléyá tàbí ọdún ìbílẹ̀, láti lọ kí àwọn ẹbí wa. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: nígbà tí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí ilé, kí ni ó ń lọ bá níbẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń rin ìrìn-àjò ọdún bí ìgbín. Mọ́tò wọn tóbi bíi bọ́ọ̀sì. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà níbẹ̀, àgbá omi, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Bí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, èyí tí òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1941 fi sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá, tàbí tí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tọkọtaya á kó àwọn ọmọ wọn sínú ilé alágbèéká yìí, wọ́n á sì wà á la ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọn yóò gbé e sí. Wọn yóò fa wáyà iná láti inú ilé wá sínú mọ́tò. Wọn yóò wọlé lọ jẹun, wọn yóò bá ẹbí ṣeré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò padà lọ sùn sínú mọ́tò wọn.

Ẹ má jẹ́ kí á yára fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi gbogbo ni a ti ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Ilé àwọn àgbàlagbà méjì lè má gba àlejò mẹ́jọ, ìyá arúgbó sì lè má ní agbára àtitẹ́ ibùsùn fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó gbé ibùsùn tirẹ̀ wá ń ro ti onílé mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwa náà, n óò sì padà sí orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èdè tiwa sọ. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá ti àjò dé, òun tí ó ń bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ kú ilé o.” Àwọn ará ilé á dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀,” wọ́n á sì fi kún un pé, “Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Ìkíni mẹ́ta ni, oníkálùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èkíní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró. Ó gbà pé ṣíṣọ́ ilé jẹ́ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí oko ríro ti jẹ́ iṣẹ́. Èkejì ń gba ẹni tí ó lọ padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń dúpẹ́ pé ọ̀nà kò gbé e mì. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìkíni yìí kí ara rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó dúró, tí kò sì sí ẹni tí ó bọ̀, ẹnu yóò dákẹ́ ni. Ìgbín tí ó gbé ilé rẹ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò kí kú ilé?

Bí a bá ń wá ìlú tí yóò là wá lóye lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ìdànrè ni n óò mú. Gúúsù Àkúrẹ́ ni ó wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàrin àwọn òkè àpáta ńláńlá. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí, níbi tí ọ̀tá kò ti lè ká wọn mọ́ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí Òdòde, Àlàdé àti Atòsìn wà lónìí. Ogun ti rọlẹ̀, oko kòkó ń gbilẹ̀, ẹrù rírù lórí àpáta sì nira. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́ lónìí yóò gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọn kò kó ilé. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lórí òkè náà, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ibojì àwọn baba wà níbẹ̀; nítorí wọn ni Òkè Ìdànrè ṣe wọ inú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa dábàá fún UNESCO ní ọdún 2007. Ohun tí wọ́n kó sọ̀kalẹ̀ ni Ọwá ọba wọn, orúkọ ìdílé, oríkì, ìbátan àti èdè ẹnu wọn. Ìgbín Ìdànrè fà, ìkarahun kò tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ìgbín kò kú. Nígbà ọdún ìbílẹ̀, wọ́n sì ń gun òkè padà lọ bá àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìrìn-àjò ọdún kò sì dúró de mọ́tò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìlú olóko kòkó ni Ìdànrè. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ahéré ní oko, wọ́n sì lè pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó wálé. Kérésìmesì bọ́ sí àkókò tí kòkó ń wọlé, tí owó sì wà lọ́wọ́ láti fi rán aṣọ, láti fi parí ìjà, láti fi gbé ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ kàwé, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun. Ìrìn-àjò tí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀ láti oko di ti ọkọ̀, láti nǹkan bí 300 kìlómítà sí ilé.

Báwo wá ni a ṣe ń rìn ín lónìí? Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ti kọ́ ilé ńlá sílé, wọ́n sì tì í pa láti January dé December. Àwọn mìíràn ń dé sí òtẹ́ẹ̀lì, nítorí iná àti omi. Wọ́n á dé ní alẹ́ ọjọ́ 24, wọ́n á lọ kí ìyá wọn ní ọ̀sán ọjọ́ 25, wọ́n á sì ti kó ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26. Ìyá ti gbá yàrá, ó ti wá ẹni tí yóò gún iyán, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ọmọ òun ń bọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni ó rí. A kò gbé ilé sórí mọ́tò bí ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n inú ìkarahun ni àwa náà ń sùn. Bí a bá sì sọ òdodo, ẹni tí ó gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀ tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju ẹni tí ó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ohun tí a ń pàdánù ju oorun lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi mọ̀ pé Abíọ́dún Adétùgbọ́, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1967, to ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí, ó sì fi Oǹdó àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn. Àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí ṣì ní ìró kan, tí a máa ń fi “gh” kọ, tí ó ti parẹ́ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi èdè Ìdànrè ṣe ìdánwò. Ọmọ tí a bí sí Èkó kò lè rí i kọ́ níbòmíràn bí kò ṣe lẹ́nu ìyá àgbà, ní ìdí ààrò, ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Bí a bá gé ọ̀sẹ̀ náà sí wákàtí mẹ́ta, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní ni a tì pa. Ọmọ tí kò sì gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń fi kì í, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè?

Ìkíni kẹta kù: “Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Láti 2 April 1972 tí Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí a ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà ti gbòòrò sí i, eré sì ti pọ̀ sí i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kò lè bá awakọ̀ tí oorun ń kùn ṣí ojú. Ẹni tí ó fẹ́ dé ilé kí ó gbéra ní òwúrọ̀, kí ó sinmi lójú ọ̀nà, kí ó má di ẹrù kọjá agbára ọkọ̀, kí ó má sì dúró di ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sáré. Oúnjẹ tí ó tutù kí ó tó dé ṣeé gbé kaná. Òkú ọmọ kò ṣeé gbé kaná.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni n óò fi parí ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí. Èkíní, kí á kọ́ ìrònú rere ará Amẹ́ríkà: kí àlejò má di ẹrù sí onílé lọ́rùn. Kí á gbé ìrẹsì, epo àti owó ọjà lọ, kí á ran ìyá lọ́wọ́ ní ìdí ààrò. Èkejì, bí a tilẹ̀ kọ́ ilé tiwa, kí á sun alẹ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán, ní ilé ẹbí, kí àwọn ọmọ wa lè jí bọ́ sí ọwọ́ àwọn àgbà. Ẹ̀kẹta wà fún ẹ̀yin olùkọ́: ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ìsinmi. Kí wọ́n lọ béèrè oríkì ìdílé, orúkọ baba ńlá mẹ́ta, àti ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú ẹ̀ka-èdè ìlú wọn. Ọmọ Ìdànrè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á, kí ó gun òkè náà, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nítorí náà, kí àbọ̀ wa tó ohun tí ènìyàn lè sinmi lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jókòó yìí lè má gbà pẹ̀lú mi lórí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, mo sì ti rí i tí ọ̀kan nínú wọn ń mi orí. Olóòtú, mo fi ọ̀rọ̀ náà lé yín lọ́wọ́.