Ọsàn Onífìlà: Ẹ Ka Ojú, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan. A ó fi abẹ́rẹ́ ìkọ́ àti òwú hun ọmọláńgidi kékeré kan. Ara rẹ̀ rí bí ọsàn. Fìlà rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì ní àwọ̀ ewé. Ó ní imú rogodo, ó ní irùngbọ̀n funfun. Kò ní ẹyinjú, nítorí pé fìlà ti wọ̀ ọ́ dé imú. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Faransé ń pe iṣẹ́ náà ní kíróṣè. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun ni ẹ fi ń hun fìlà ọmọ ìkókó.

Ẹ lè máa bi ara yín pé, kí ló kan ẹ̀kọ́ ìwé nínú ọ̀rọ̀ òwú? Ó kàn án púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á jọ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé egbére ni ẹ ń ṣe. Egbére ti àwọn àgbà ń sọ, ẹkún ni í máa sun kiri, ẹní rẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò sunkún, kò sì ní ẹní. Àwọn òyìnbó náà ní ìtàn ẹni kúkúrú tiwọn. Ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n a máa sọ pé arúgbó kékeré onírùngbọ̀n kan ń ṣọ́ ilé àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀, wọn a sì gbé ògì sílẹ̀ fún un ní alẹ́ Kérésìmesì. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ìlú Gräfenroda, wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ irú rẹ̀ sínú ọgbà òdòdó ṣáájú ọdún 1900. Àwa yóò fi òwú hun tiwa, a ó sì fi ọsàn ṣe ara rẹ̀, nítorí pé ọsàn ni ọmọ wa mọ̀.

Ìdí tí a fi ń ka ojú

Ẹ jẹ́ kí á mú un pé ìyá kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ó hun ọ̀kan, ó dára. Oníṣòwò kan ti Àjàṣẹ́ dé, ó rí i, ó ní: “Ìyá, ẹ bá mi ṣe mẹ́wàá tí ó bá èyí mu.” Inú ìyá dùn. Ó bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń hun ẹ̀kẹta, ọmọ ké, ó gbé òwú sílẹ̀. Ọbẹ̀ hó, ó tún dìde. Nígbà tí ó padà jókòó, kò mọ ibi tí ó dé mọ́. Ó fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀kan rí bí ọsàn, ọ̀kan rí bí ìbẹ́pẹ, ọ̀kan sì fẹ̀gbẹ́ kan bí akèrègbè tí ó wọ́. Oníṣòwò mú mẹ́rin, ó fi mẹ́fà sílẹ̀. Òwú mẹ́fà ti lọ, àkókò mẹ́fà ti lọ. Ọwọ́ ìyá náà kò burú. Iye ojú ló sọnù.

Bí ìwé kékeré kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó kọ iye sí, ì bá ti wò ó, ì bá sì ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí a nílò

1. Abẹ́rẹ́ ìkọ́ kan, tí kò tóbi jù fún òwú.
2. Òwú aláwọ̀ ọsàn, òwú aláwọ̀ ewé, àti òwú funfun díẹ̀.
3. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ihò rẹ̀ gbòòrò.
4. Ohun tí a ó fi kún inú rẹ̀: òwú tí a gbọ̀n, tàbí àkísà tí a fọ̀, tí a sá, tí a gé wẹ́wẹ́. Àwọn àgbẹ̀ òkè wa, ní Banikoara àti Kandi, ń gbin òwú púpọ̀.
5. Ìwé kékeré kan àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbàgbé ìkarùn-ún yìí. Òun ni ó ṣe pàtàkì jù lónìí.

Bí a ṣe ń hun ojú kan

Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ inú ojú. Ẹ kọ́ òwú, ẹ fà á jáde. Okùn méjì ti wà lórí abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ tún kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú méjèèjì. Ojú kan nìyẹn. A ó máa pè é ní ojú lásán.

Nígbà tí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ fẹ̀, a ó hun ojú méjì sínú ihò kan ṣoṣo. A ó pè é ní ojú tí ó bí ìbejì. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ó sún kì, a ó so ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan.

A ó máa hun yípo, a kò ní dúró. Nítorí náà, ẹ so òwú aláwọ̀ mìíràn mọ́ ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀.

Ara ọsàn

Ẹ ta kókó, ẹ hun ẹ̀wọ̀n méjì. Inú ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ ni kí ẹ hun ojú mẹ́fà sí. Ẹ wá tẹ̀lé nọ́ńbà wọ̀nyí. Iye tí ó gbẹ̀yìn ni iye ojú tí ó gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ìyípo bá parí.

Ìyípo 1: ojú 6.
Ìyípo 2: gbogbo ojú bí ìbejì. 12.
Ìyípo 3: ojú lásán 1, ìkejì bí ìbejì. 18.
Ìyípo 4: ojú lásán 2, ìkẹta bí ìbejì. 24.
Ìyípo 5: ojú lásán 3, ìkẹrin bí ìbejì. 30.
Ìyípo 6 dé 10: ojú lásán nìkan. 30, 30, 30, 30, 30.
Ìyípo 11: ojú lásán 3, so 2 pọ̀. 24.
Ìyípo 12: ojú lásán 2, so 2 pọ̀. 18.

Ẹ dúró níbí. Ẹ ki òwú tàbí àkísà sínú rẹ̀ títí yóò fi le dáadáa.

Ìyípo 13: ojú lásán 1, so 2 pọ̀. 12.
Ìyípo 14: so 2 pọ̀, so 2 pọ̀, títí dé òpin. 6.

Ẹ gé òwú, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fà á gba ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ dì í pa. Ibi tí ẹ dì pa yìí ni orí rẹ̀. Fìlà yóò bò ó. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: láti ìyípo 1 dé 5, ẹ́fà la ń fi kún un. Láti ìyípo 11 dé 14, ẹ́fà la ń yọ. Bí ẹ bá ro gbogbo ojú náà pọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀ọ́dúnrún géérégé ni: 300. Bí ẹ bá dé òpin ìyípo 5, tí ẹ kà á, tí ó jẹ́ 29, ojú kan ti bọ́. Ẹ tú ìyípo yẹn nìkan, kí ẹ tún un hun. Ẹni tí kò kà á yóò hun ún dé òpin kí ó tó rí i pé ó wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni yóò sì tú.

Ẹ ṣọ́ra fún 18

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìwé ni nọ́ńbà yìí ń dà láàmú. Ẹ̀bi wọn kọ́. Èdè wa a máa yọ. “Méjìdínlógún” ni ogún tí a yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. “Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún” ni ogún tí a yọ márùn-ún kúrò. Etí gbọ́ ogún, ọwọ́ sì fẹ́ kọ 2.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ìwé kì í yọ. Ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá ló kọ́kọ́ ń kà, lẹ́yìn náà ni ẹyọ. Nínú méjìdínlógún, ìdì mẹ́wàá kan ló wà, ó ku ẹyọ mẹ́jọ. Nítorí náà a kọ 1, a kọ 8: 18. Nínú mẹ́rìnlélógún, ìdì méjì ló wà àti ẹyọ mẹ́rin: 24. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ kó ẹkùrọ́ sílẹ̀, ẹ pín in sí ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ wò ó.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ náà a máa fi òkúta tàbí ẹkùrọ́ ka nǹkan. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọdé lè tú ẹkùrọ́ ká, adìyẹ sì lè ta á dànù. Ohun tí a kọ sínú ìwé yóò dúró dè wá.

Fìlà ewé

Òwú aláwọ̀ ewé ni. Níhìn-ín, ẹ̀ta la ó máa fi kún un.

Ìyípo 1: ojú 6.
Ìyípo 3: ojú lásán 1, ìkejì bí ìbejì. 9.
Ìyípo 5: ojú lásán 2, ìkẹta bí ìbejì. 12.
Ìyípo 7: ojú lásán 3, ìkẹrin bí ìbejì. 15.
Ìyípo 9: ojú lásán 4, ìkarùn-ún bí ìbejì. 18.
Ìyípo 11: ojú lásán 5, ìkẹfà bí ìbejì. 21.
Ìyípo 13: ojú lásán 6, ìkeje bí ìbejì. 24.

Ìyípo 2, 4, 6, 8, 10, 12 àti 14 jẹ́ ojú lásán nìkan. Iye kò yí padà.

Ẹ fi fìlà dé ọsàn lórí, kí ẹ rán an mọ́ ìyípo 11. Etí fìlà ní ojú 24. Ìyípo 11 ní ojú 24. Ojú kan sí ojú kan, yóò bára mu rẹ́gí. Bí kò bá bára mu, ìwé yín yóò sọ ibi tí àṣìṣe wà fún yín.

Fún imú, ẹ hun ojú 6, ẹ tún hun ojú lásán 6 lé e, ẹ fà á pọ̀. Ẹ rán an sí abẹ́ etí fìlà. Fún irùngbọ̀n, ẹ gé òwú funfun 12 tí kò gùn ju ìka lọ. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ so ó sábẹ́ imú. Irun 24 ni yóò rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i bí ó bá jẹ́ ti ọmọ kékeré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹnu ló fi ń mọ nǹkan. Bọ́tìnnì tí ó já lè há sí i lọ́fun. Ẹ fa imú àti irùngbọ̀n náà wò pẹ̀lú agbára kí ẹ tó gbé e fún ọmọ.

Ìwé ń gbé iṣẹ́ rìn jìnnà

Láàrin ọdún 1845 sí 1852, ìyàn ńlá mú ní ilẹ̀ Ireland, nítorí pé àrùn pa ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọ ibẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ ìkọ́ hun léèsì tà, kí ilé wọn lè rí oúnjẹ. Ní àkókò yẹn náà ni wọ́n ń tẹ ìwé jáde ní Ìlú Ọba tí ó ń sọ bí a ti ń hun ún àti iye ojú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n ń pe ọmọláńgidi tí a fi òwú hun ní amigurumi. Àmì àti nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ ni ó gbé e kiri ayé. Ẹni tí ó wà ní Jàpáànì kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá kọ 6, 12, 18, a ó hun ohun tí òun hun.

Ẹ lo ojú ìwé kejì fún owó. Ká ní gbogbo òwú tí ẹ rà jẹ́ 3000 fáráǹkì, tí ó sì ṣe ọmọláńgidi 6. Ẹ pín 3000 sí ọ̀nà 6: 500 ni. Bí ẹ bá ta ọ̀kan ní 500, owó òwú nìkan ni ẹ gbà. Ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ lásán. Yálà fáráǹkì ni ẹ gbà tàbí náírà ní Igolo, ẹ kọ iye òwú sílẹ̀ kí ẹ tó dá iye ọjà.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ ọnà ló ti bá àwọn ìyá wa lọ sí ọ̀run, nítorí pé inú ọwọ́ wọn nìkan ló wà. Ọnà tiyín kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré tí ẹ bá kọ 6, 12, 18 sí lónìí, ọmọ yín lè ṣí i lọ́la, kí ó sì hun ọsàn kan náà.

Iṣẹ́ ilé

1. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí: ẹ́sàn-án, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìdínlógún, mọ́kànlélógún, ọgbọ̀n.
2. Ẹ ro gbogbo ojú fìlà pọ̀, láti ìyípo 1 dé 14. Bí ó bá jẹ́ 210, ẹ ti mọ̀ ọ́n.
3. Ẹ kọ iye ojú iṣẹ́ kan tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fún aládùúgbò yín kí ó hun ún láìbi yín léèrè.