Ẹ Má Fi Ọlọ́pàá Gba Ilẹ̀ Ọmọnìkejì Yín

  

Ọ̀rọ̀ wa òní dá lórí ilẹ̀ àti ilé. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń sọ ìjà ta-ló-ni-ín di ẹ̀sùn jìbìtì ní téṣàn ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ yìí sí nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Nínú Súrátù-l-Baqarah, láti áyà 183 títí dé 187, ọ̀rọ̀ àwẹ̀ ni Ọlọ́hun ń bá wa sọ. Bí ìyẹn ti parí, nínú áyà 188 gan-an, Ó kọ̀ fún wa láti fi èrú jẹ dúkìá ara wa, Ó sì kọ̀ fún wa láti gbé ọ̀rọ̀ dúkìá lọ bá àwọn aláṣẹ kí a lè fi ẹ̀ṣẹ̀ jẹ nínú ohun ìní ẹlòmíràn, nígbà tí àwa fúnra wa mọ òtítọ́. Ẹ wò ó, ẹni tí ó fi omi tútù tí ó jẹ́ hàláàlì sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí Ọlọ́hun, báwo ni yóò ṣe wá fi ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ ṣínu?

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan là ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan nínú jamáà wa fi ẹkún wá bá wa. Ó ní bàbá kan, tí òun náà ń kírun lẹ́yìn lẹ́mọ́mù wa, ti ta ilẹ̀ olóògbé ọkọ òun. Àánú ìyá náà ṣe wá. Àwa ni a bá a kọ ìwé ẹ̀sùn, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníjìbìtì ni bàbá yìí, a tilẹ̀ sìn ín dé téṣàn. A kò ránṣẹ́ pe bàbá náà kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Inú oṣù àwẹ̀ ni. Wọ́n mú un ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ó tó ṣínu, ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó gba béèlì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà dé kóòtù, ó hàn pé ẹbí ti pín ilẹ̀ náà kí ọkọ ìyá yìí tó kú, apá tí ó kan bàbá náà ni ó tà. Ìyá náà ò purọ́, ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó sọ. Bàbá náà ò jalè. Àwa tí à ń pe ara wa ní alárinà ni a sọ ọ́ di ọ̀daràn. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ti bi òun léèrè bóyá lóòótọ́ ni òun jalè. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Jìbìtì ni kí ènìyàn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, kí ó sì fi irọ́ náà gba owó tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó ṣe ayédèrú ìwé ilẹ̀, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni méjì, ọ̀daràn ni. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2006 lórí irú jìbìtì báyìí sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, láìsí owó ìtanràn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún, kí ó gba téṣàn lọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìyà mì.

Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń jà, tí kálukú sì gbàgbọ́ pé òun ni òun ni ín, ẹjọ́ ta-ló-ni-ín nìyẹn. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ka ọ̀nà 5 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni òun ni ilẹ̀. Èkínní, ìtàn bí ilẹ̀ ṣe ti ọwọ́ àwọn baba ńlá bọ́ sí ọwọ́ ẹni. Èkejì, ìwé tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kẹta, lílò ó bí onílẹ̀ ṣe ń lo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kẹrin, pípẹ́ lórí rẹ̀ àti jíjẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà, ní ọ̀nà tí ó fi jọ pé ẹni tí ó ni tọ̀hún ni ó ni èyí náà. Ti ilẹ̀ ẹbí tún yàtọ̀. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni a ti mọ̀ pé bí olórí ẹbí bá tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbààgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbààgbà bá tà á láìsí olórí ẹbí, wọn ò tíì tà á rárá. Ẹ̀yin ará, ọlọ́pàá wo ni yóò jókòó ní káńtà kí ó máa wádìí ìtàn ìran mẹ́ta? Iṣẹ́ adájọ́ ni. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ti sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn tìtorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán.

Àwọn kan á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n á ní ẹjọ́ ilẹ̀ a máa pẹ́. Òótọ́ ni. Ṣé wá ni wọ́n ń ti àtìmọ́lé bọ̀ ṣọ̀rẹ́ ni? Ìwé tí ènìyàn fi ìbẹ̀rù tọwọ́ bọ̀ ní téṣàn kò sọ ilẹ̀ di tiwa. Kódà bí adájọ́ bá dá wa láre, Ànábì wa ti kìlọ̀ nínú hadiisi tí Ummu Salamah gbà wá pé ènìyàn ni òun, pé ẹlòmíràn lè mọ̀rọ̀ọ́ rò ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àti pé ẹni tí òun bá dá ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ fún, iná ni òun gé fún un.

Ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀sùn irọ́ du ilẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Arwa fi Saeed ọmọ Zayd sùn lọ́dọ̀ Marwan, tí ó jẹ́ aláṣẹ Mẹ̀dínà nígbà náà, pé ó gba ilẹ̀ òun. Saeed yìí wà lára àwọn sàábé mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú Àlùjáńnà. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe gbà á, nígbà tí òun ti gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ lọ́nà àbòsí, bí ó ṣe ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, a ó fi ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn? Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, pé bí ó bá purọ́, kí ojú rẹ̀ fọ́, kí ó sì kú sórí ilẹ̀ náà. Muslim gbà á wá nínú hadiisi pé ojú Arwa fọ́, inú ihò kan lórí ilẹ̀ yẹn gan-an ni ó já sí tí ó kú.

Nítorí náà, kí a tó kọ ìwé ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ tàn wá jẹ ni, àbí a ò gbà fún ara wa ni? Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ pe olórí ẹbí, ẹ pe lẹ́mọ́mù, kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ẹni tí ó ń béèrè ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹni tí ó sẹ́ ni yóò búra. Bí súlúù kò bá ṣeé ṣe, kóòtù ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ wádìí ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń forúkọ ilẹ̀ sí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà tọwọ́ bọ̀wé níṣojú ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ó bá sì ti fi ẹ̀sùn èké ti ọmọnìkejì rẹ̀ mọ́lé, kí ó lọ gba ẹ̀sùn náà padà kí oṣù tó wọ̀. Kí ó lọ bá a nílé, kí ó sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kì í ṣe olè. Bí a ti ṣe tiwa nìyẹn, ó sì nira fún wa.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kí Ó má jẹ́ kí a jẹ ohun tí kì í ṣe tiwa. Aamiin.