Ta Ni Yóò Ṣáájú Wa? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara Ẹni fún Ìrìn Ìlera ní Àárín Ìbàdàn

Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìrìn ìlera ni kí àwọn ará àdúgbò jọ máa rìn ní ọjọ́ tí wọ́n dá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ara wọn lè le. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ẹni tó ń ṣáájú wọn láìgba owó oṣù. Gbogbo wa la mọ èyí, ẹ jẹ́ ká kọjá síwájú. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tó yẹ ká kọ́ láti ṣáájú ìrìn ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnká ni ọmọ agbo ilé tí agbo ilé fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé fò nínú rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tó jáde nínú The Lancet Global Health ní ọdún 2018. Wọ́n mú ènìyàn tó lé ní 2,000 tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì fi wọ́n wé iye kan náà tí àrùn náà kò kọlù. Nǹkan mọ́kànlá ni wọ́n rí tó so mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo wọn. Iyọ̀ tí a tún ń bù sí oúnjẹ tó ti dé iwájú wa wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, àìfi ara ṣiṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń mú èémí yára díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn kánmọ́kánmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ti dé ibẹ̀, láìra ohunkóhun, láìwọ ilé eré ìdárayá kankan.

Ìwádìí àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni àwọn kan máa ń fi dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn. Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà Ìdíkàn lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìdíkàn, ó sì jẹ́ 3.24 lọ́hùn-ún. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ara ọmọ Ìbàdàn ti le tẹ́lẹ̀, pé kí a fi ìrìn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú mọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65 nígbà náà ni wọ́n wò. Ayé tí àwọn yẹn gbé ni ayé tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, tí ọmọ ilé ìwé ń rìn láti Kúdẹtì dé Agbeni láìka á sí nǹkankan. Àwọn olùwádìí náà kò sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló fa èsì wọn, èmi náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ọmọ wọn kò lè jogún ẹsẹ̀ tí àwọn fúnra wọn kò lò. Ẹ má bínú bí mo bá fi ìbáwí díẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síhìn-ín, ọ̀kadà ló gbé wa láti Bẹẹrẹ dé Màpó.

Àtakò tó sún mọ́ èyí ni ti àwọn ará ọjà. Wọ́n ní ẹni tó ń tajà ní Ọjà'ba ti ṣe wàhálà tó, kí ni a tún ní kó rìn sí? Ẹ jẹ́ ká wo Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1953, Jeremy Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ kan náà sókè sódò. Àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ tó jókòó ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ọkọ̀ kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ wá wo ọjà tiwa. Alábàrù ń rìn lóòótọ́, ẹrù rẹ̀ sì ń pa á lára ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ni ìsọ̀, láti àárọ̀ tó ti tẹ́ ọjà rẹ̀ títí di ìgbà tó bá palẹ̀ mọ́, orí àpótí ló wà. Ọmọ ló ń bá a mú ọjà, ọmọ ló ń bá a ra oúnjẹ wá, ọmọ náà ló ń lọ ṣẹ́ owó. Ó rẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìrìn ló rẹ̀ ẹ́.

Mo wá dé ibi ìjà àtijọ́, n kò sì ní fi bò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìrìn ọlọ́jọ́ kan ni wọ́n mọ̀. Wọn yóò dí ojú ọ̀nà ní Bẹẹrẹ, wọn yóò pín ẹ̀wù alápá péńpé tí wọ́n tẹ orúkọ onígbọ̀wọ́ sí, ẹgbẹ́ onílù yóò ṣáájú, àwọn ènìyàn ńlá yóò rìn dé ibi tí ayàwòrán wà. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo gbà pé èyí ní àǹfààní tirẹ̀. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ti àwọn ga. Ṣùgbọ́n ìpolówó ni, a sì ti polówó ìrìn tó. Ìrìn fúnra rẹ̀ ló kù. Ìsọ̀rí kejì àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn oníṣẹ́ ìlera kan, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì tàbí oníwòsàn iṣan àti eegun nìkan ló lè ṣáájú ìrìn, nítorí kí ènìyàn má baà ṣubú lulẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù asán, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè é. Ní ọdún 2015, Sarah Hanson àti Andy Jones kó ìwádìí 42 lórí ìrìn àjùmọ̀rìn jọ, ènìyàn 1,843 ló wà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀, ọ̀rá ara wálẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín kù, wọn kò sì rí ìjàǹbá kan tó ṣe gúnmọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Dókítà William Bird ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn ìlera ní Sonning Common láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń ṣáájú. Bí ìlú tí nọ́ọ̀sì pọ̀ sí bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àwa ń dúró dè, àwa tí nọ́ọ̀sì wa ń wọkọ̀ òfuurufú lọ bá wọn lójoojúmọ́?

Àmọ́ kì í ṣe àìtó nọ́ọ̀sì ni ìdí pàtàkì. Bí nọ́ọ̀sì tilẹ̀ kún ìgboro, ọmọ agbo ilé ni n ó ṣì yàn, Ìdèrè ní Ìbàràpá ló sì mú un dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà sì ni ibùdó wọn. Ní àwọn ọdún 1980, sọbìà ń dá àgbẹ̀ Ìdèrè dúbúlẹ̀ ní àsìkò tí oko ń fẹ́ ọwọ́ jù lọ. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ló ń gbé e wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ìdèrè gbà pé ara olúkúlùkù ni sọbìà wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, pé bó bá wù ú ló ń jáde. Àlejò wo ló fẹ́ dúró ní gbàgede ìlú kó sọ pé irọ́ ni, kí wọ́n gbà? William Brieger, Jayashree Ramakrishna àti Joshua Adéníyì, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mọ èyí. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera. Àwọn télọ̀ ìlú rán aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́ náà sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Ẹni tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta asẹ́ sẹ́nu ìkòkò, ọmọ ẹni tí o mọ̀ ni. Bó o bá da omi láìsẹ́ ẹ lọ́la, yóò gbọ́, yóò sì wá béèrè. Ọ̀nà yìí náà ni gbogbo Nàìjíríà tọ̀ nígbà tó yá. Ìkàyè aláìsàn tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980 kọjá 650,000 ènìyàn. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sómi, olùyọ̀ǹda ara ẹni sì wà ní àwọn abúlé tí àrùn náà wà. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn sọbìà tó kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sọbìà, kò sí oògùn tó ń wò ó. Ìwà ojoojúmọ́ ló yí padà, aládùúgbò ló sì yí i.

Àwọn tó ń pín oògùn Mectizan fún àrùn etí odò tó ń fọ́ni lójú kọ́ wa ní ìyókù. Nínú ètò Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995 láti gbógun ti àrùn yìí, ìlú ló máa ń yan apínoògùn rẹ̀, ìlú ló máa ń dá ọjọ́. Moses Katabarwa wo bó ṣe rí ní Ùgáńdà, ó rí i pé níbi tí ẹbí ti yan ọmọ ẹbí láti sìn wọ́n, oògùn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀ sí i, àwọn apínoògùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ béèrè owó. Kí ni a ń pè ní agbo ilé ní Ìbàdàn bí kì í ṣe èyí? A ní mọ́gàjí, a ní ìyàwó ilé àgbà, a ní ọmọ osú. Ètò tí àwọn ẹlòmíràn ń wá kiri ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà Ìbà Olúyọ̀lé. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí a ó kọ́ wọn. Òwúrọ̀ méjì ti tó: ọ̀kan ní ìjókòó, ọ̀kan lórí ìrìn. Ẹni méjì ni yóò máa darí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, ẹni ẹ̀yìn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni ìwọ̀n ìrìn. Láti Ọjà'ba gun òkè lọ sí iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, kí olùdarí máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: bó bá lè fèsì ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó dára, bí èsì bá ń já lẹ́nu rẹ̀, kí gbogbo wọn rọra. Kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá àyà máa ń dùn ún, bóyá dókítà ti kìlọ̀ fún un, oògùn wo ló ń lò. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́, bí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, kí wọ́n má ṣe da omi lé e lórí, kí wọ́n má sì fún un ní àgbo. Ọkọ̀ ni kí wọ́n wá, ó di ilé ìwòsàn UCH. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n tó sì ń làágùn, ohun mímu tó ní ṣúgà ni. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó wá wà nínú ìwé, ẹni tí kò bá sì wá lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Ti ojú ọ̀nà: gọ́tà kò ní ìdérí, ọ̀kadà kò sì ní sùúrù. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ọjà tó tẹ́, ni kí wọ́n rìn, kí olùdarí sì ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn alásàlátù àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ni kí a kọ́kọ́ lọ bá, nítorí wọ́n ti ń péjọ tẹ́lẹ̀.

Ti owó: a kò ní san owó oṣù. Ṣùgbọ́n kí ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà Oòrùn Ìbàdàn, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Màpó, pèsè ẹ̀wù tó ń tàn nínú òkùnkùn, owó ìpè fún fóònù, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Kí wọ́n wọn ti olúkúlùkù kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Kí èsì náà sì dé etí agbo ilé ní èdè Yorùbá kí àwa ti yunifásítì tó kọ ọ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.