Àjèjì Ní Ojú: Ọ̀rọ̀ lórí Àṣà Àwọn Ará Jàpáánì

Àwọn àgbà ní, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Wọ́n tún ní, àjèjì ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe méjèèjì yìí ni a óò fi ṣe àtùpà bí a ti ń wo àṣà àwọn ará Jàpáánì. Àlejò tí ó wọ ilẹ̀ wọn ní ọdún 2024 ju mílíọ̀nù 36 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń ròyìn pé àrà ni ìṣe ibẹ̀. Ìròyìn náà ti pẹ́. Ní ọdún 1585, Luís Fróis, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Potogí tí ó ti gbé ọ̀dọ̀ wọn ju 20 ọdún lọ, kọ odidi ìwé láti fi hàn bí àṣà Yúróòpù àti tiwọn ti yàtọ̀ sí ara wọn. Ohun tí àwa fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àṣà tí ó ya àlejò lẹ́nu ní ìdí, ìdí náà ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. A kì í wọ bàtà wọ inú ilé wọn. Inú ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń pè ní genkan, ni a ti ń bọ́ ọ, tí a sì ń yí imú rẹ̀ sí ìta. A ó wá wọ sálúbàtà ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá dé yàrá tí a tẹ́ tatami sí, èyí tí í ṣe ẹní nínípọn tí a fi koríko hun, sálúbàtà náà yóò kúrò ní ẹsẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún yàtọ̀. Àlejò a máa rò pé ìyọnu ni. Ṣùgbọ́n lórí ẹní náà ni onílé ń jókòó, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń sùn. Ta ni nínú wa tí yóò gbà kí a fi bàtà tẹ ibùsùn rẹ̀?

Bákan náà ni ìwẹ̀. Ìta ọpọ́n ni a ti ń fi ọṣẹ wẹ ara mọ́ tónítóní, kí a tó wọ inú omi gbígbóná láti sinmi. Gbogbo ará ilé ni ó ń lo omi kan náà. Ẹni tí ó bá mú ọṣẹ wọ inú rẹ̀ ti ba ti àwọn tí ó kù jẹ́.

Ní ìdí oúnjẹ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun. Bí àlejò bá gún igi náà dúró sínú ìrẹsì, ojú onílé yóò yí padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbé ìrẹsì fún òkú. Bí ó bá sì fi igi tirẹ̀ gba ẹran láti orí igi ẹlòmíràn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn tí a bá ti sun òkú, igi ni àwọn ẹbí fi ń ṣa eegun rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àlejò ń ṣeré. Onílé ń rí ìsìnkú bàbá rẹ̀.

Ìtẹríba ni ìkíni wọn, ó sì ní ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ipò ẹni tí a ń kí. Wọ́n a máa fi ọ̀rọ̀ náà, san, kún orúkọ ẹlòmíràn fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi kún orúkọ ara rẹ̀. Àwa tí a ń dọ̀bálẹ̀, tí a sì mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ", kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ gbọ́ èyí. Sen no Rikyū, tí ó kú ní ọdún 1591, ni olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àṣà fífi tíì ṣe àlejò. Ilé tíì tí a kọ́ ní ìlànà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kékeré kan tí gíga rẹ̀ kò tó mítà kan. Bí ó ti wù kí àlejò tóbi tó, orúnkún ni yóò fi rá wọlé. Jagunjagun a sì fi idà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìta. Nínú ilé náà, ìjòyè àti oníṣòwò a di ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń mu tíì.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ títọ́ àwọn olùkọ́, ti ilé ẹ̀kọ́ wọn ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù. Àwọn ọmọ ni ó ń gbá yàrá ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń nu ilẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tiwa náà ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni a kò fi iṣẹ́ náà jẹ wọ́n níyà? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí Jàpáánì borí Jámánì nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar, àwọn òǹwòran wọn dúró kó ìdọ̀tí ibi tí wọ́n jókòó sí. Ẹnu ya gbogbo ayé. Ohun tí a fi kọ́ wọn láti kékeré ni.

A kò wí pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín honne, ohun tí ó wà nínú ọkàn, àti tatemae, ohun tí a ń fi hàn ní gbangba. Ẹni tí ó bá wí fún ọ pé "ó ṣòro díẹ̀" ti kọ̀. Àlejò tí kò mọ̀ a sì máa retí títí. Ọ̀wọ̀ a máa dín ìjà kù, ṣùgbọ́n ó lè di ẹrù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kún.

Ẹnìkan lè wí pé ìlú tí ó bá fẹ́ ọ̀làjú gbọ́dọ̀ kọ irú àṣà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn Jàpáánì kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1868, ìjọba Meiji fi ọwọ́ méjèèjì gba ìmọ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1872 wọ́n fi òfin ilé ẹ̀kọ́ lélẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín Tokyo àti Yokohama. Ní ọdún 1876 wọ́n fi òfin de gbígbé idà kiri. Wọ́n sọ ohun púpọ̀ nù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ èyí ni wakon yōsai, èyí tí ó já sí pé: ọkàn Jàpáánì, ìmọ̀ Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n sùúrù onílé náà ní òpin. Ní àdúgbò Gion ní ìlú Kyoto, àwọn àlejò ń lé àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ ijó àti orin àtijọ́ káàkiri láti ya àwòrán wọn, títí àwọn ará àdúgbò fi ti àwọn ọ̀nà tóóró tí í ṣe tiwọn mọ́ àlejò ní ọdún 2024. Àwọn àlejò náà ní ojú, wọn kò fi í ríran. Ọ̀nà sì tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá dé ilé onílé, kí a tó rẹ́rìn-ín, kí a béèrè ìdí. Bí àjèjì bá sì bi wá ní ìdí àṣà tiwa, kí ó má ṣe bá wa láìní ìdáhùn.